Bí A Ṣe Rí Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sí Kánádà, Ìyá wa pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà jáde nínú àpótí, kí n wá ka lẹ́tà ọmọ wọn fún wọn. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ikú náà ti dé, n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́.

Èmi àti Ìyá nìkan la jọ ń gbé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Akanran. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Tíṣà ni Bàbá wa náà nígbà ayé wọn, àwọn ni wọ́n sì kọ́ wa pé ọmọ tó bá lọ sájò tí kò kọ̀wé sílé, bí ẹni tí kò nílé ló rí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé. Ọdún kan àbọ̀ péré ló fi jù mí lọ, a jọ dàgbà bí ìbejì ni, n kì í tilẹ̀ sọ "ẹ" sí i. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí lẹ́tà rẹ̀ má wọlé. Yorùbá ló máa ń fi kọ ọ́, nítorí Ìyá kò mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi kò sì fẹ́ kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun fún wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó lè kọ ojú ìwé méjì nípa bàbá arúgbó kan tí kì í jẹun àfi tí wọ́n bá kọrin fún un. Ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi nígbà tó wá sílé gbẹ̀yìn, ọdún mẹ́fà ṣáájú ikú rẹ̀, òun náà ló sì to ètò lẹ́tà inú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa kò ṣeé gbójú lé, nítorí náà ó ṣe é kí lẹ́tà máa wọ inú kọ̀ǹpútà pátápátá, kó má ku ẹyọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Bó bá ti wọlé, tìẹ ni," ló wí fún mi. "O ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti kà á mọ́." Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gba lẹ́tà wọlé. Tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kà á fún Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ikú ọmọ kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà nínú ti Ìyá. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ikú ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lórí fóònù. Wọ́n ń bá a wí pé kò wá síbi ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá Bàbá. Mo wà níbẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ohùn wọn le. "Àbí ìwọ náà ti di òyìnbó?" ni wọ́n bi í. Kàkà kí wọ́n gbọ́ èsì, fóònù já. Ìyá ń pe "Hẹ́lò, hẹ́lò" títí. Nígbà tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó já a mọ́ mi létí."

Mo sọ pé bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò sì rí i jí. Láàárín gbogbo àwọn tó wá kí wa, Ìyá kò sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé oúnjẹ síwájú wọn mọ bí ó ṣe ń kù sínú abọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bèèrè lẹ́tà, inú mi dùn díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rù náà. Mo ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ iná sólà. Ó pẹ́ kó tó tàn. Bí mo ṣe ṣí ètò lẹ́tà, àwọn ìpolówó ọjà tó ti kóra jọ láti oṣù mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, fèrèsé kékeré kan sì yọ síwájú wọn, ó ń bi mí ní nǹkan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àjèjì. Ó máa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kò sì fara balẹ̀ ka ohun tó ń wí rí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tí kò bá yé mi, kí n sáà ti tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́." Lọ́jọ́ yìí, Ìyá ń pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ṣé kò tíì ṣí ni. Ọwọ́ mi yára, mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Mo wá lọ gbé àga Ìyá kúrò nínú oòrùn.

Nígbà tí mo padà dé, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìpolówó nìkan ló kù. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí a fi ń wá nǹkan, kò mú ohunkóhun wá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Lẹ́tà ọdún mẹ́fà, mo sì ti fi ìka ara mi pa á rẹ́.

Mo jáde lọ bá Ìyá, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

"Ṣebí o ní kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" ni wọ́n wí.

Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní kò burú, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Lọ́jọ́ Ajé, bí a ti jáde níléèwé, mo wọ mọ́tò lọ sí Olódò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. "Fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n fọ inú rẹ̀ mọ́, kí n gbé ètò tuntun sí i."

"Tí o bá fọ̀ ọ́, ṣé lẹ́tà mi á padà?"

"Èyí tó ti lọ ti lọ, mà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á yá nílẹ̀ dáadáa."

Ó ti na ọwọ́ sí wáyà rẹ̀. Mo gba kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì rẹ̀, mo sì jáde. Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé mi jáde, ojora ni. Mo kàn mọ̀ pé mo ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Tíṣà Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin ní Ọjọ́bọ̀, mo sún mọ́ wọn, mo rojọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọ inú rẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ẹ ṣeun. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Wọ́n dé ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí Ìyá ti jókòó ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ bó lẹ́yìnkùlé. Tíṣà Àgbà fi ìgò sójú, wọ́n jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí lẹ́tà tí a bá jù nù máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n wò ó bóyá ètò tí a fi to lẹ́tà ló yí padà. Kò yí padà. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí lẹ ṣe gbẹ̀yìn kí wọ́n tó pòórá?"

Ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé kékeré náà. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí. Ẹ̀rín ni wọ́n rín.

"Ó ń bi yín bóyá kó kó lẹ́tà àtijọ́ pamọ́ ni," ni wọ́n wí. "Ètò yìí, tí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, á wo lẹ́tà tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, á fẹ́ kó o lọ sínú fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní ákáífù, kí iwájú má baà kún. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń kó rẹ́jísítà àwọn ọmọ tó ti jáde ìwé lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn? Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Mo ti fẹ́ fò sókè. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ẹ dúró ná. Ohun kan wà tó yẹ kí n wò kí inú wa tó dùn. Wọ́n lè to ètò yìí kó máa kó lẹ́tà pamọ́, wọ́n sì lè tò ó kó máa pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí wọ́n yàn."

Wọ́n ń ṣí ibìkan tẹ̀ lé òmíràn. Mo dijú. Mò ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ Ìyá lára ẹ̀gẹ́.

"Ẹ lajú, Tíṣà. Kíkó pamọ́ ni. Kì í ṣe píparẹ́."

N kò mọ ìgbà tí mo kígbe "Ọlọ́run ṣeun" sókè. Ìyá bèèrè láti ẹ̀yìnkùlé pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan.

Tíṣà Àgbà fi ibì kan hàn mí. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti fi àmì sí, kí fáìlì àtijọ́ náà lè máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù. Kò sí àmì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i, tí ibi ìwárí náà kò sì mọ̀ pé ó wà. Tíṣà Àgbà da ojú ọ̀nà fáìlì náà kọ sórí bébà, a sì ń ṣí fódà lẹ́yìn fódà títí a fi bá a. "Ó tóbi," ni wọ́n wí. "Ohun tó ṣófo kì í tóbi báyìí." Síbẹ̀, wọn kò ṣí i. Wọ́n yọ fúláàṣì jáde nínú báàgì wọn, wọ́n kọ́kọ́ da fáìlì náà kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà ṣí i, ó kọ̀, ó ní òun kò lè ṣí i báyìí. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n tún un ṣí. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó ṣí.

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi tò sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ń wò wọ́n lọ bí ẹni ń ka ọmọ rẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ọ̀kan wà lókè pátápátá tí àkọlé rẹ̀ dúdú, tó nípọn ju ti ìyókù lọ.

"Ẹ ò tíì ka èyí," ni Tíṣà Àgbà wí.

Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo wo ọjọ́ rẹ̀: Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Ìgbà náà ló yé mi. Ní Sátidé tí wọ́n pè wá láti Kánádà nípa ikú rẹ̀, mo ti tan kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ń wọlé lọ́wọ́, nígbà tí fóònù dún. Ẹkún ni mo fi pa kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà náà ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Mo ka ìlà mélòó kan, mo sì pe Ìyá. Wọ́n wọlé pẹ̀lú omi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mo kà á bí ó ṣe kọ ọ́:

"Àbúrò mi, bá mi bẹ Ìyá. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀. Èjìká ni mo fi há fóònù mọ́ etí, ló bá bọ́ sínú omi ọṣẹ, ó sì kú. Mo ti gbé e fún ẹni tó máa tún un ṣe, Sátidé ló ní kí n wá gbà á, màá pe Ìyá lọ́jọ́ náà. Sọ fún wọn pé mi ò tíì di òyìnbó. Ẹ̀rọ ni òyìnbó fi ń fọ abọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ti Bàbá, ó dùn mí pé mi ò wá. Mo ti gba ìsinmi fún oṣù Kejìlá. Kí wọ́n bá mi wá gbúre tó tutù sílẹ̀."

Ìyá dúró síbi tí wọ́n wà. "Tún un kà," ni wọ́n wí.

Mo tún un kà.

"Inú omi?"

"Inú omi ọṣẹ, Ìyá."

"Kò já a mọ́ mi létí."

"Rárá o, Ìyá. Fóònù ló kú."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín gidi, kí ẹkún tó dé sí i. Tíṣà Àgbà bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ń fi etí ìró nù ún. Nígbà tí Ìyá lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú láti kékeré." Wọ́n wá bèèrè bóyá ẹ̀bà kù nínú ìkòkò.

Kí Tíṣà Àgbà tó lọ, wọ́n dá ètò kíkó lẹ́tà pamọ́ yẹn dúró, wọ́n fi àmì sínú àpótí kékeré náà, wọ́n sì fún mi ní fúláàṣì wọn pé kí n tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ. Mo sin wọ́n dé ojú ọ̀nà. Mo padà wá jẹ́wọ́ irọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún Ìyá. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ń jẹun. "Ojú rẹ ti sọ ọ́."

Wọ́n sùn lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, irú oorun tí n kò tíì rí lójú wọn láti oṣù mẹ́jọ. Èmi náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́, mo sunkún tèmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀bẹ, mo bó ẹ̀gẹ́ tó kù.