Àpò Ẹrẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Òórùn ẹrẹ̀ tútù tó dà pọ̀ mọ́ epo ọkọ̀ ni mo fi ń rántí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ní Troyeville, ní Johannesburg, lẹ́yìn ìkún omi ọdún kan. Odò tó ń gba abẹ́ títì kọjá níbẹ̀ kún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé mọ́tò, ó wó ògiri. Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ dúdú ló kù létí rẹ̀, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyàwó mi, oko àkùrọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tí odò bá ti kún bò ti di ọlọ́ràá. Kí n tó ti yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni ní Braamfontein dé, ó ti fi báàfù ru ẹrẹ̀ náà wá sẹ́yìn ilé. "Dádì, ẹ̀bùn ni," ló wí. "Kí ni mo tún fẹ́ fi ajílẹ̀ rírà ṣe?"

Tẹ̀tẹ̀ tó gbìn síbẹ̀ yọ ewé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀fọ́ ilé ti ṣòro rí ní Johannesburg. Àwọn obìnrin ìjọ wa ń wá já a. Aya ọ̀dọ́ kan ní ìkángun títì wa, tó lóyún àkọ́bí, ní ẹ̀fọ́ náà nìkan ni oúnjẹ tí òun kì í bì. Ìyàwó mi a máa já èyí tó rọ̀ jù pamọ́ fún un.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, obìnrin Soweto tó ń ṣèwádìí ẹrẹ̀ odò, wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ó béèrè ibi tí ilẹ̀ dúdú yẹn ti wá. Nígbà tó gbọ́, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ké sí ìyàwó mi bí wọ́n ti ń ké níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá burú, "Eish, Màmá." Ó bu ẹrẹ̀ àti ewé díẹ̀ lọ láti yẹ̀ wọ́n wò. Èsì tó mú pa dà ni pé òjé pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà àti nínú ewé, òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Ó ní omi ti gbá gbogbo ohun tí ìlú ti dà sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ wá sínú rẹ̀: bátìrì ọkọ̀, ọ̀dà ara ilé àtijọ́, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ irin.

Ìyàwó mi ní òun lòun fún aya náà ní ẹ̀fọ́ jẹ, òun ni yóò sọ fún un. Mo kàn tẹ̀ lé e ni. Bó ti gbọ́ pé kó má jẹ ẹ̀fọ́ náà mọ́, aya náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ kúkú sọ pé ẹ̀fọ́ yín ń dùn yín." Nígbà tó wo ojú ìyàwó mi dáadáa, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. "Ọmọ mi ńkọ́?" Ó bí ọmọ náà láyọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà pẹ́ gan-an kó tó sọ̀rọ̀. Dókítà kan ní ó lè jẹ́ òjé, èkejì ní ó lè má jẹ́ òun.

Ìyàwó mi hú ẹ̀fọ́ náà, ó wa ẹrẹ̀ sínú àpò, ó fi okùn búlúù rán ẹnu wọn. Mo ní ká dà á pa dà sódò. Ó wò mí.

"Ta ló wà nísàlẹ̀ odò?"

Àwọn tó ń gbé inú àgọ́ páànù ni, omi yẹn ni wọ́n fi ń fọṣọ. Àwọn akólẹ̀ ìlú pàápàá kọ̀ láti gbé e. Ìyàwó mi ní kó wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà.

Àìsàn mìíràn ló mú un lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wọ́n ní kò kan òjé, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. A ti pín aṣọ rẹ̀, àpò ẹrẹ̀ ṣì wà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ohun tí a bá dànù ti lọ nìyẹn. Kò tíì yé mi nígbà náà pé ẹnì kan ń gbé níbi tí a dà á sí. Oòrùn ti ń jẹ àwọn àpò náà. Bí ọ̀kan bá ya, mo máa ń kó o sí tuntun, mo sì ń fi okùn búlúù rán an. Ìránṣọ mi kò tíì gún bíi tirẹ̀.