Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Dúrọ́ọ̀mù

Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n Ìyá Garawa ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó ń jẹ oyè. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé ọkọ̀ panápaná kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìlú, kí oníkálùkù máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀, òun ló tọrọ dúrọ́ọ̀mù òfìfo mẹ́ta, tó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, tó sì pọn omi kún wọn lẹ́yìn ilé mẹ́ta. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ó ní.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, a ó ṣí ìdérí, a ó ti ọ̀pá bọ omi, lẹ́yìn náà la ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára dúrọ́ọ̀mù. Ìlà yẹn ń sọ pé, "Mo fojú ara mi rí omi yìí." Ọkọ rẹ̀ fa ìlà láìṣí ìdérí lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Dúrọ́ọ̀mù kẹta wà lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀, bírikìlà tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ní Sátidé kan tí aṣọ oníbàárà há a mọ́lẹ̀, ó sáré débẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun ti wò ó, ó kún dẹ́nu. Ta lèèyàn yóò gbà gbọ́ bí kò bá gba ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́? Ó fa ìlà láìṣí ìdérí, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná sọ nínú yàrá opó àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti àbúrò náà. Àwọn èèyàn tò bí Ìyá Garawa ti kọ́ wọn, garawa lọ́wọ́. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù. Ó gbẹ fúrúfúrú, àfi sìmẹ́ńtì tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé omi dé láti ilé kejì, yàrá ti di eérú. Opó jáde láàyè, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló sì kù fún un.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Garawa. Òun wo ògiri tuntun tó wà lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ó mọ ibi tí omi gbà. Ó dúró kí àbúrò rẹ̀ la ẹnu jẹ́wọ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn.

Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀. "Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa," ló wí. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé eegun. Opó súnmọ́ ọn. "Ìyá Garawa, ṣé o fojú ara ẹ rí omi yẹn?"

"Rárá, Màmá. Mi ò rí i."

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fi lé opó lọ́wọ́ kó máa fa ìlà dípò òun. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ìyá rẹ̀, kì í pè é ní àbúrò mọ́. Bírikìlà ló ń pè é.