Ojú tó ń sun omi lórí ẹní ọmọ mi

Mi ò ní purọ́: èmi ni mo gbé báàṣì náà. Òjò kan ló fà á, òjò tó jà bí obìnrin tí wọ́n gba ọkọ rẹ̀. Ó ṣí páànù méjì lórí yàrá mi. Ó sì já báàṣì, tapólì ìpolongo ìdìbò tó wà ní oríta ọ̀nà Odomẹta kúrò lára òpó, ó ń wọ́ nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Báàṣì náà fẹ̀ ju ẹní mẹ́ta lọ. Ojú ọkùnrin kan ló kún orí rẹ̀, ọmọ Kétu tó ń wá ipò ní mérì, ilé ìjọba ìlú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú kamíọ̀ǹ àgbàdo tó ń wà lọ sí Nàìjíríà. Ọmọ mi ọkùnrin kò tíì pé ọdún kan, omi sì ń kán sórí ẹní rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ká báàṣì. Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ti jí i kí n tó jí i.

Mi ò lè gun orí páànù, torí náà abẹ́ rẹ̀ ni mo so ó sí, láti igi àjà kan sí èkejì. Mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun sókè, kí ọ̀dà àwòrán má baà wọnú omi. Ojú ọkùnrin náà wá kọ sí ẹní wa.

Nígbà tí òjò kejì dé, omi kó jọ, báàṣì sọ ikùn kalẹ̀ bí aboyún. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń ṣe sí ìyẹn: à á fi ìṣó lu ihò kan síbi tó rẹlẹ̀ jù, à á gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Mo gun àpótí, mo lu ú. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó rí i pé ojú òsì ọkùnrin náà ni mo lu. Omi ń ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kò yé rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kì í ké mọ́. Á kàn máa wò ó, á máa na ọwọ́ sí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Omi bàsíà yẹn ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Kànga jìn lórí ilẹ̀ wa. A kì í da omi òjò nù.

Lọ́jọ́ ọjà, akéde jáde. Ó ní òfin ìdìbò sọ pé ẹni tó bá fa àwòrán olùdíje ya, tó bà á jẹ́, tàbí tó gbé e lọ, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ni, àti pé àwọn ọlọ́pàá jándáàmù ti ń wá ẹni tó gbé ti oríta. Àwọn obìnrin ìdí gààrí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní ewúrẹ́ òun ti jẹ mẹ́ta lára àwọn bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí wọ́n wá mú un, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó lóyún. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kẹta sí ìyẹn, ọmọ mi jí, ojú òsì rẹ̀ kò là. Ó wú, ó lẹ̀ pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n rán. Mo wo òkè, mo tún wo ọmọ. Mi ò mọ bí mo ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan nu ojú náà, ó fún mi ní oògùn tí à ń kán sí i, ó wá bi mí pé irú omi wo ni mo fi ń wẹ ọmọ. Mo ní omi kànga. Ó ní bí ojú náà kò bá là ní ọjọ́ mẹ́ta, kí n tètè gbé e padà wá, kó má baà fọ́.

Lọ́nà ilé ni mo rí ààlè. Lára òpó tí báàṣì wà tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ti fi àkísà so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti ata gbígbẹ mẹ́ta kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ààlè: òun ni olóhun fi ń sọ fún olè pé èmi kò rí ọ o, àmọ́ nǹkan kan rí ọ. Lórí igi ìdáná, lórí òkìtì iṣu, ibẹ̀ la ti ń rí i. Mi ò rí i rí nídìí ọ̀rọ̀ ìdìbò. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ ìkarahun náà ń yí. Àwọn tó fi òfin ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ọjà ti ń gba inú koríko kọjá, kí òjìji òpó má baà kàn wọ́n.

Ìyá ọkọ mi wọ yàrá láti wo ọmọ. Ó gbójú sókè, ó rí báàṣì. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá olùdíje náà, obìnrin arúgbó tí ilé rẹ̀ wà ní oríta, ló so ààlè. Òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ní ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u, kò sì ní tú u fún ẹni tí wọ́n rán. Ẹnu olè fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Mo ní bó bá fà mí lé jándáàmù lọ́wọ́ ńkọ́, ta ni yóò fún ọmọ lọ́mú?

“Ẹ̀wọ̀n ní iye oṣù, ìyàwó,” ó wí. “Ojú tó bá fọ́ kò ní.”

Ọ̀sán gangan ni mo lọ, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lóko. Àwọn àgbà ní kí abiyamọ má rìn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo di báàṣì bí ẹrù aṣọ, mo gbé e rù. Ilẹ̀ pupa ń jó mi lẹ́sẹ̀, ẹyẹ kankan kò ké. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ru orí kejì, àti pé ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Ìyá arúgbó náà jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

“Ìyá, èmi ni mo gbé e.”

“Tẹ́ ẹ,” ó wí.

Mo tẹ́ ẹ sí àgbàlá. Ojú ńlá náà dùbúlẹ̀, ó ń wo oòrùn. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú ihò náà. Mo sọ ọmọ mi kalẹ̀ sórí ẹní ìyá, mo fi ojú rẹ̀ hàn án. Ó wo òsì ti ibí, ó wo òsì ti ọ̀hún. Ó wọlé, ó mú abẹ́rẹ́, òwú àti ègé aṣọ dúdú jáde.

“Rán an.”

Mo gbé aṣọ dúdú lé ihò, mo bẹ̀rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, ọmọ mi ta gìrì lórí ẹní. Mo tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún ta gìrì. Ọwọ́ mi dúró.

“Má dúró,” ni ìyá wí. “Èyí tí a rán dé ìdajì burú ju èyí tó fọ́ lọ.”

Ibẹ̀ ni alùpùpù ti dé, ọkùnrin méjì lórí rẹ̀, ara ẹgbẹ́ olùdíje náà. Wọ́n bèèrè ibi tí báàṣì ti wá, wọ́n bèèrè ẹni tó fọ́ ọ lójú. Ọ̀kan ti yọ fóònù pé kí jándáàmù wá. Mi ò gbórí sókè. Mò ń rán lọ, omijé ń kán sórí àwòrán.

“Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá sẹ́yìnkùlé mi,” ni ìyá wí. “Ìyàwó yìí ń bá mi tún un ṣe. Àbí òfin yín mú abẹ́rẹ́ náà ni?”

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mú fóònù wo ojú ọmọ mi, ó wo aṣọ dúdú, ó fi fóònù sápò. Ó ní àwọn máa mú àkàbà wá lọ́la. Wọn ò sì kí wa kí wọ́n tó lọ.

Nígbà náà ni ìyá rìn lọ sídìí òpó, ó tú ààlè ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ó gbẹ́ ilẹ̀ bo ata. Ó padà wá gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn.

“Máa kán oògùn nọ́ọ̀sì sí i,” ó wí. “Má sì fi omi òrùlé wẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ omi fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Oògùn ni mo ń kán láàárọ̀ àti lálẹ́, omi kànga tí mo sè ni mo fi ń nu ojú náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó là. Pupa ni, àmọ́ ó là. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀, mo yọ ahọ́n sí i láìdún. Ó wò mí, ó wò mí títí àyà mi fi ń já. Ó wá rẹ́rìn-ín.