Idẹ Kì Í Ṣe Irin

Ẹ máa bi mí pé kí ló ṣe ọkọ mi, àbí? Gbogbo àdúgbò ló ń bi mí. Ó ti sú mi, àmọ́ ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi.

Pulọ́ḿbà ni. "Dè-é-dáadáa" ni gbogbo ayé ń pè é, torí ohun tó máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá pè é lẹ́ẹ̀kan kì í pè é mọ́, nítorí ohun tó bá ṣe kì í bàjẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ rere ẹ̀ ló ń lé oníbàárà lọ.

Àfi bí èémí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, kó fi sípánà sílẹ̀. Ọkùnrin tí ìdí ẹ̀ kì í gbélẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" á ní, "Mò ń dúró ni." Mi ò bi í pé kí ló ń dúró dè. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ wa obìnrin, àkọ́bí, ló gbé táńkì ẹja wá, gíláàsì gbọọrọ kan. Ó da omi iyọ̀ sí i, ó kó ẹja méjì àti edé méjì sínú ẹ̀, ó ní ẹja òkun ni wọ́n, wọn ò lè gbé nínú omi ẹ̀rọ lásán. Mo ní, "Ẹja tí a ò ní sè?" Ni bàbá ẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ló bá dìde, ó wo ẹ̀yìn táńkì níbi tí omi ń gbà yí ká. Ó pòṣé. "Rọ́bà! Ta ló ń fi rọ́bà gbé omi ró? Yóò là." Ó fa àpò iṣẹ́ ẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó mú ẹnu ẹ̀rọ onídẹ kan, ó nù ún títí ó fi ń dán, ó sì fi rọ́pò ti rọ́bà. Ó ń so ó, ó ń sinmi, ó ń so ó, ó ń sinmi. Nígbà tó parí, ó ní kí n wá fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ti padà dé, ohun tí mo rò nìyẹn.

Edé méjì tó wà nínú omi náà ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn, tó ní ilà funfun lára, kọ oúnjẹ. Ó lọ dúró sókè omi, ó ń ya ẹnu, ìjàgbọ̀n tó fi ń mí létí orí ẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá. Ọkọ mi fa àga ẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ìyáa wọn, wò ó. Bí èmi náà ṣe ń mí nìyẹn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí eléyìí bá yè é, èmi náà á gbìyànjú. Bí kò bá yè é, ẹ má yọ mí lẹ́nu mọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Orí ẹja tí kò tó àtàǹpàkò ló gbé ẹ̀mí ẹ̀ lé. Mo fi ìbínú wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

A pe obìnrin tó ta ẹja náà fún ọmọ wa. Ó wo ara ẹja náà bóyá ó ní àmì funfun wínníwínní, kò ní. Ó wo lẹbẹ ẹ̀ bóyá ó ya, kò ya. Ó ní omi tuntun máa ń gba májèlé látinú ìgbẹ́ ẹja, ó dán an wò, kò sí. Ló bá bèèrè pé, "Bàbá, ṣé irin kankan wà nínú omi yìí?"

Ọkọ mi wò ó bí ẹni pé ó bú u. "Irin kẹ̀? Nínú omi iyọ̀? Kó lè dógùn-ún? Mo ti ń so páìpù kí wọ́n tó bí ẹ. Kò sí irin níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà."

Kò sì purọ́ o! Lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀, irin ni irin, idẹ ni idẹ. Obìnrin yẹn pààrọ̀ omi díẹ̀, ó lọ.

Ẹja kejì kú. Aláwọ̀ ọsàn nìkan ló kù, ó ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin náà tún dé, ó mú oògùn àyẹ̀wò mìíràn wá, ó kán an sínú omi tó bù. Àwọ̀ omi náà yí padà. Ó tẹjú mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ wá rọ̀.

"Bàbà ló ń pa á, Bàbá."

Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín bàbà àti bàbá, mo sì rí i lójú ọkọ mi pé méjèèjì ló gbọ́.

"Bàbà ló wà nínú idẹ," ló sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kàwé fún ara ẹ̀. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà fẹ́ bá a tú u. Ó ní rárá, ẹni tó dè é ni yóò tú u. Ó ń wúkọ́, ó ń tú u. Inú ẹnu ẹ̀rọ náà ti di aláwọ̀ ewé. Wọ́n gbé ẹja náà sínú omi iyọ̀ mìíràn, wọ́n dá ti rọ́bà padà.

Ẹ̀yin èèyàn, ó yè é! Mo rí i tó ṣán oúnjẹ, mo jó nínú pálọ̀, mo sáré wọ yàrá tó ti lọ dùbúlẹ̀ sí. "Bàbá, ó yè é o! Ẹ ti ṣèlérí!"

Kò yíjú sí mi. "Ìgbà tí ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ ló yè é."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò dìde. Ní ọjọ́ kejì, mo fi sípánà òun fúnra ẹ̀ tú ẹ̀rọ ilé ìdáná sílẹ̀ díẹ̀. Omi ń kán tó, tó, tó sínú bésìnnì. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá gbayawu kó lè gbọ́ ọ dáadáa, mo sì pariwo pé ẹ̀rọ ń jò, ilé máa kún fómi.

Ó gbọ́ ọ. Mo rí i tó tẹ́tí sí i fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyáa wọn," ló wí, "pe pulọ́ḿbà."