Mẹ́ta Tó Wà Lábẹ́ Mẹ́jọ

Nígbà ogun abẹ́lé, bàbá mi wà lára àwọn tó ń kọ nọ́ńbà sára bàálù ogun. Nígbà tí bàbá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Galadimawa, ní nǹkan bí ọdún 2015, mo máa ń gbé wọn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Jikwoyi.

Lọ́jọ́ kan, alága ẹgbẹ́, tí òun náà ṣe sójà, mú fọ́tò àtijọ́ kan wá. Bàálù ogun ni, ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ nọ́ńbà sí ìrù rẹ̀. Alága ní òun ni.

Bàbá mi rọra ní, “Alága, èmi nìyẹn.”

“Bàbá, ilé ìdáná lẹ wà nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń se ẹ̀wà fún wa.”

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò lọ sípàdé mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fi “wọn” pe alága mọ́ nínú ọkàn mi.

Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ akọ̀wé, mo sọ ọ́ di ńlá lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá mi fi jígí ojú wọn wò ó.

“Wo mẹ́jọ yìí. Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kọ. Ọ̀gá wa bú mi, mo bá fi ọ̀dà dí i lápá òsì.”

Òótọ́ ni. Apá òsì mẹ́jọ náà dúdú ju apá ọ̀tún lọ.

Oṣù kan gbáko ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Nígbà tí ìpàdé pé, mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí alága dáadáa.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ẹ ṣàṣìṣe kankan nínú nọ́ńbà yẹn?”

“Èmi? Rárá.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Mo wá pín fọ́tò ńlá náà kiri, mo sọ ohun tí bàbá mi sọ.

Màmá àgbà kan ní, “Mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́.”

Ó yẹ kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo ní, “Alága, ta wá ni ó ń se ẹ̀wà?”

Lọ́sẹ̀ kejì, alága àti ìyàwó rẹ̀ wá bẹ bàbá mi. Bàbá mi dárí jì í lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n gbé omi wá. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo gbé e fún. Bàbá mi wò mí, wọ́n dìde, wọ́n lọ bu ti alága fúnra wọn. Ojú kò tì mí.