Púlọ́ọ̀gì Alùpùpù Ọkọ Mi

Ọdún kejì lẹ́yìn tí ọkọ mi jáde láyé ni mo tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì alùpùpù wọn, mo sì mú un lọ sí Olódò láti fi ra tuntun. Tíṣà ni wọ́n, bíi èmi náà. Alùpùpù àtijọ́ yẹn ni wọ́n fi ń gbé mi lọ síléèwé láràárọ̀ ní Erunmu. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé tiwọn, ilé sì dákẹ́ débi pé láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ aago pálọ̀.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù kó púlọ́ọ̀gì mẹ́ta síwájú mi.

“Màmá, èwo ni tiyín?”

Mi ò mọ̀. Ọkọ mi ló máa ń mọ irú ìyẹn. Mo gbé ti àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn àkọ́kọ́ gùn ju tirẹ̀ lọ.

“Ẹ má mú ìyẹn o. Á kan písítìn, á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.”

Ìkejì ló bá a mu régí.

“Ta ló fẹ́ gun alùpùpù náà, Mà?”

“Kò sẹ́nì kankan. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.”

Ó wé ìkejì náà sínú bébà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, mo dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo bu epo tuntun sí i, mo sì ń fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù náà títí itan fi ń ro mí. Ó dáhùn. Ohùn náà gba gbogbo àgbàlá kan. Mo jókòó tì í, omi lé ròrò sí mi lójú.

Aládùúgbò mi pè láti ẹ̀yìn ògiri: “Ìyá, ṣé àlejò dé ni?”

Mo ní rárá, èmi nìkan ni.