Ta Ni Yóò Dúró De Ta?

Obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ìwé àkókò: bọ́ọ̀sì wo ló ń gbéra ní aago mélòó, ìṣẹ́jú mélòó ló sì ń lò kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè jẹun tán kó má wo aago lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò máa rìn yí tábìlì ká. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá so ẹ̀rọ amúnáwá mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, iná kò ní lọ nínú ilé wọn mọ́ láéláé.

Ìlú etí omi ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá ti òdìkejì omi wá yóò sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, yóò fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gba ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí kó tó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ló ń wá, yóò tún gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. Bí òjò bá wá ń rọ̀, onítọ̀hún ti wọ gàù. Ìdí nìyí tí ìjọba ìlú fi pinnu láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n sì fi Ìyá Ìṣẹ́jú sínú ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò rẹ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, alága wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jẹ́ ayàwòrán-ilé, tó máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ irun, gbé ilé kékeré kan tó fi páálí ṣe kalẹ̀. Òrùlé rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Ìyá Ìṣẹ́jú ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, títí ẹni tó jókòó tì í fi yíjú wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Bí ọkọ̀ ojú omi bá pẹ́, ta ni yóò dúró dè é?"



"Ṣebí abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n máa wà," ni ẹnìkan dáhùn.

"Ìyẹn ni pé àwọn èrò yóò wà níbi tí òjò kò ti ní pa wọ́n, tí wọ́n á máa wo ọkọ̀ tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò nínú irun rẹ̀. "Ẹ bá wa wá èsì rẹ̀, mà. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ohun tí alága kò mọ̀ ni pé inú ilé Ìyá Ìṣẹ́jú gan-an ni ìjà náà wà. Awakọ̀ ojú irin ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ kò ti wáyé láàárín àwọn méjèèjì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ìyá wọn ń lọ fi ojú han dókítà ní ìlú òkè. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ló gbé ìyá sọdá, ó sì pẹ́. Ìyá sáré tó bí àgbàlagbà ṣe lè sáré, ó dé ẹnu ọ̀nà ibùdó, ó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ ní ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ó juwọ́ sí i. Ọkọ ọmọ rí ìyá, ó sì wakọ̀ lọ. Wákàtí mẹ́rin ni ìyá fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kò bínú pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni kò gbà. "Ó wo ojú ìyá mi," ni yóò máa wí, "ó sì wakọ̀ lọ!"

Nígbà tí Ìyá Ìṣẹ́jú gbé ìbéèrè ìgbìmọ̀ délé, ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀.

"Rélùwéè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀?"

"Kódà fún ọba."

Ìyá Ìṣẹ́jú gba èbúté lọ. Ẹ̀gbọ́n ń fi àkísà nu gíláàsì yàrá ìtukọ̀.

"Bí omi bá fà, iyanrìn á yọ láàárín," ló wí. "Mo gbọ́dọ̀ yí i ká. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nìyẹn. Àbí kí n gun orí iyanrìn nítorí ọkọ ẹ? Lọ sọ fún un pé omi kò so aago mọ́wọ́."

Báyìí ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, tòun ti fáìlì lábẹ́ abíyá. Ní ọ́fíìsì, ó kọ ìwé àkókò mẹ́rìnlá, ó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ya. Nílé, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dà bíi pé èèrà ń rìn lára rẹ̀, kò sì mọ ibi tí òun ì bá họ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó bá dá ọgbọ́n kan. Ọkọ rẹ̀ ní láti lọ gba iṣẹ́ ní ìlú òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Ìṣẹ́jú ní kó kọ́kọ́ bá òun sọdá lọ mú àwọn ìwé kan, kí wọ́n jọ padà wá wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́wàá. Kò sọ fún un pé àkókò tí omi yóò fà lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ wọ yàrá ìtukọ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kí ara wọn bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú. Ẹ̀gbọ́n ń tukọ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ọkọ rí i pé omi yí àwọ̀ padà, ó rí iyanrìn tó yọ ẹ̀yìn, ó rí bí àna rẹ̀ ṣe ń rọra fi ọkọ̀ tó kó igba èèyàn yí iyanrìn náà ká. Ó wo aago. Ó tún wò ó.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n gúnlẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n kò ní padà títí di aago mọ́kànlá, Ìyá Ìṣẹ́jú sì fà á lọ́wọ́: "Ẹ bá wa ká lọ, ẹ̀gbọ́n mi." Kò sọ ìdí.

Wọ́n sáré, àwọn pẹ̀lú bí ọgọ́ta èrò tó ń wọ́ báàgì. Bí wọ́n ṣe yọ sí ibùdó báyìí, ọkọ̀ ojú irin fun fèrè, ó ṣí. Akẹgbẹ́ ọkọ Ìyá Ìṣẹ́jú kan ló ń wà á. Onítọ̀hún rí ọkọ náà, ó gbọ́wọ́ sókè kí i, ó sì kọjá lọ.

"Ọ̀dájú!" ni obìnrin kan tó pọn ọmọ kígbe. "Ó rí wa o! Ó rí wa, ó lọ!"

Ọkọ Ìyá Ìṣẹ́jú dúró síbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn èrò rí aṣọ náà, wọ́n sì da gbogbo èébú lé e lórí. Ìyá Ìṣẹ́jú rò pé ẹ̀gbọ́n òun yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ jókòó, àna mi. Ó ti rẹ̀ yín."

Wọ́n jókòó. Ọkọ tọ́ka sílẹ̀. "Ẹ wo ojú irin yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti òkè, ó ti dúró síbi tí wọ́n ti máa pàdé, ó ń retí kí eléyìí kọjá. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró níbí, ìdúró tiwọn á di ogún ìṣẹ́jú, nínú oòrùn. Mo rí Màmá lọ́jọ́ yẹn. Títí mo fi dé òkè, ojú wọn kò kúrò lọ́kàn mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ẹ kò bi mí. Ẹ ní ọ̀dájú ni mí."

Ẹ̀gbọ́n wo ojú irin náà títí, bí ẹni tí kò rí i rí. "Wọn kò wá lè tẹ́ ìkejì sí i ni?"

Ìyá Ìṣẹ́jú, tó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn, dúró gbọnin. Ó yọ bírò.

Ohun tó gbé padà sí ìgbìmọ̀ nìyẹn: kí wọ́n tẹ́ ojú irin kejì sínú ibùdó tuntun, kí ọkọ̀ méjì lè pàdé níbẹ̀; bí omi bá fà, kí ọkọ̀ ojú irin dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kí bọ́ọ̀sì sì dúró de gbogbo wọn. Ojú irin kejì yóò gba ibi tí apá kan òrùlé wà. Alága fa ilé páálí rẹ̀ mọ́ra. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìyẹ́ kan kúrò lára òrùlé rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ wúwo.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ Ìyá Ìṣẹ́jú lọ bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá wò ó lókè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọdún mẹ́fà lo fi ń gbé ẹ̀bẹ̀ bọ̀? Mo rò pé ọkọ̀ tiyín kì í pẹ́ ni!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, fóònù àwọn méjèèjì kò dákẹ́ mọ́: omi ti fà, omi ti kún.

Ìjọba ìlú fọwọ́ sí ètò náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Bí Ìyá Ìṣẹ́jú ṣe wọlé ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ mẹ́rìndínlógójì ló bá lórí ìdúró, kò sí ẹni tó tíì gun ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá wa," ni olórí wọn wí, bàbá kan tó ti ń wa bọ́ọ̀sì kí Ìyá Ìṣẹ́jú tó gba iṣẹ́. "A kà á. Rélùwéè ní ìdí tí kì í fi í dúró, ọkọ̀ omi ní ìdí tó fi ń pẹ́. Àwa la wá di ẹni tí yóò máa dúró de gbogbo ayé. Ta ló bi wá?"

Nínú gbogbo lílọ bíbọ̀ rẹ̀, kò bi ẹyọ ẹnìkan nínú wọn, àwọn tó ń rí lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ojú tì í gidigidi.

"Bọ́ọ̀sì ta ló kọ́kọ́ ń gbéra?" ló béèrè.

"Tèmi," ni bàbá náà wí. "Ó ku ìṣẹ́jú méjì."

"Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà. Ẹ máa rò ó fún mi lójú ọ̀nà."

Ó gun ọkọ̀ náà. Àga ṣófo rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó di irin mú lẹ́yìn awakọ̀, ó sì ní kó máa wí.